Àwo Rì, Ṣùgbọ́n Oko Ò Di Èkó

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀kan nínú yín lọ wo Ìgá Ìdúngànràn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ẹni tó mú un rìn kiri ní oko ata Arómirẹ́ ni ilẹ̀ ààfin náà tẹ́lẹ̀, àti pé “oko” yẹn ló di “Èkó”. Ó bi mí bóyá òótọ́ ni.

Ìtàn oko ata, mi ò bá a jà. Ìdílé Arómirẹ́ ṣì wà lára àwọn Ìdẹ́jọ, onífìlà funfun tó ni ilẹ̀. Àmọ́ ẹ pe ọ̀rọ̀ méjèèjì síta kẹ́ ẹ gbọ́. Oko: ohùn àárín méjì, re re. Èkó: dò mí. Ohùn méjèèjì yí padà, fáwẹ̀lì àkọ́kọ́ náà yí padà, kò sì sí ohun tó fà á. Oko-Ọba ní Agége ńkọ́? Oko ló ṣì ń jẹ́ títí dòní.

Ti àwọn Ẹ̀dó ni mo fara mọ́. Eko lédè wọn ni ibùdó ọmọ ogun. Ẹ tún wo Ìdúmọ̀tà àti Ìdúmàgbò: idunmwun lọ́dọ̀ wọn ni àdúgbò. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí àwọn kan nínú, wọ́n á ní mo ti gbé ilẹ̀ baba wọn fún Bìní. Rárá o. Àwọn Pọtogí ló mú “Lagos” wá, ìyẹn adágún omi; ìlú etíkun kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nílé wọn, níbi tí wọ́n kó ẹrú 235 gúnlẹ̀ sí ní 1444. Ṣé ẹnikẹ́ni wá ń tìtorí ẹ̀ pe Pọtogí ní onílẹ̀?

Ìtàn Àwórì ló dùn mọ́ mi jù. Wọ́n ní nígbà tí Ògúnfúnminírè kúrò ní Ifẹ̀, ó gbé àwo sórí omi, ó ń tẹ̀ lé e, títí àwo fi rì ní Ìṣẹrì. “Àwo” nìkan, ohùn ìsàlẹ̀ àti àárín ni. Ṣùgbọ́n tó bá di olùwà, ohùn òkè á wọ fáwẹ̀lì ìparí rẹ̀, bí a ṣe ń sọ pé “ọmọ́ lọ”. Àwó rì. Àwórì gẹ́lẹ́! Mi ò ní kí ẹ gbà pé àwo kan rì lóòótọ́ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó hun ìtàn yẹn gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹni tó hun ti oko ò fetí sí ohùn rárá.