Ìjókòó Kejì: Iṣẹ́ Igbákejì Ọ̀gá Àgbà Ọmọ Ogun Òfurufú Amẹ́ríkà

Ní ọjọ́ tí a pín ẹ̀bùn fún àwọn ọmọ ní ilé-ìwé wa ní ọdún tó kọjá, a jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí igbákejì olórí akẹ́kọ̀ọ́. Inú bàbá náà kò dùn rárá. Ó yíjú sí wa, ó ní, "Ẹni Ọ̀wọ̀, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni igbákejì tilẹ̀ ń ṣe?" Kí a tó lanu, ìlù ti dún, gbogbo ènìyàn ti dìde láti kọ orin ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè náà bá wa délé.

Ọmọ ẹlẹgbẹ́ wa kan, tí a jọ jáde ní ilé-ìwé yìí, wà lára àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà. Nígbà tó wá kí wa, a bi í bí ipò ṣe tẹ̀ lé ipò níbẹ̀, ó sì mẹ́nu ba ipò kan tí ì bá wu bàbá ọjọ́sí láti gbọ́ nípa rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà kan ní ń bẹ lókè. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni Igbákejì Ọ̀gá Àgbà. Àwa Yorùbá kò ṣàjèjì sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Níbi tí Balógun bá wà, Ọ̀tún Balógun wà níbẹ̀, Òsì Balógun sì tẹ̀ lé e. Ní Ìbàdàn, àkàsọ̀ ni oyè jẹ́: ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ ń gòkè bí àyè ti ń ṣí sílẹ̀ lókè. Ibẹ̀ gan-an ni ti Amẹ́ríkà ti yàtọ̀ sí tiwa, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Òfin tó dá ipò náà sílẹ̀ kò gùn. Ààrẹ ni ó ń yan igbákejì láti inú àwọn ọ̀gágun ilé-iṣẹ́ náà, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà a sì fọwọ́ sí i. Ìràwọ̀ mẹ́rin ni ó ń fi sí èjìká, iye kan náà tó wà ní èjìká ọ̀gá rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá wá iṣẹ́ kan pàtó tí òfin náà kọ sílẹ̀ fún un, a kò ní rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ tí Ọ̀gá Àgbà bá fà lé e lọ́wọ́, tí Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ náà, ẹni tí kì í ṣe ológun, sì fọwọ́ sí, òun ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀gá bá fún un ní púpọ̀, ó ní púpọ̀. Bí ó bá fún un ní díẹ̀, díẹ̀ náà ni tirẹ̀. Síbẹ̀, òfin yìí kan náà sọ pé àṣẹ tí igbákejì bá pa lórí iṣẹ́ tí a fà lé e lọ́wọ́ múlẹ̀ bí ẹni pé ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló pa á. Ó sì tún sọ pé bí àga ọ̀gá bá ṣófo, tàbí bí ọ̀gá kò bá sí nítòsí, tàbí bí àìlera kò bá jẹ́ kí ó lè ṣiṣẹ́, igbákejì ni yóò máa ṣe iṣẹ́ ọ̀gá títí a ó fi yan ẹlòmíràn, tàbí títí ọ̀gá yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí òfin kò dá iṣẹ́ kankan sọ́tọ̀ fún ni òfin kan náà ní kí ó múra sílẹ̀ láti ṣe gbogbo iṣẹ́, ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Kí ni ó wá ń ṣe nígbà tí nǹkan bá ń lọ geere? A ní láti kọ́kọ́ mú èrò kan kúrò: kì í ṣe òun ni ó ń darí bàálù lójú ogun, ọ̀gá rẹ̀ pàápàá kọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti tún òfin ológun wọn ṣe ní ọdún 1958, àṣẹ ogun ń ti ọ̀dọ̀ Ààrẹ àti olórí ètò ààbò lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gágun tó wà lójú ogun. Iṣẹ́ àwọn tó wà ní Pentagon ni kí wọ́n kó ènìyàn jọ, kí wọ́n kọ́ wọn, kí wọ́n ra ohun èlò, kí wọ́n sì wá owó rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà a máa bá àwọn olórí ẹ̀ka ológun yòókù jókòó láti gba Ààrẹ nímọ̀ràn, a máa rin ìrìn àjò, a sì máa lọ dáhùn ìbéèrè níwájú àwọn aṣòfin. Igbákejì ni ó ń tọ́jú inú ilé. Bí ẹ̀ka kan bá ní bàálù tuntun ni owó yẹ kó lọ sí, tí ẹ̀ka kejì sì ní ilé àwọn ọmọ ogun ló ń jò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń dé kí ó tó kan ọ̀gá. Ìgbìmọ̀ kan sì wà tí àwọn igbákejì láti gbogbo ẹ̀ka ológun ń jókòó sí, níbi tí wọ́n ti máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí di ọdún 2025, bóyá lóòótọ́ ni a nílò ohun ìjà tí ẹ̀ka kan ń béèrè, kí owó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwa tí a ti ṣe igbákejì alùfáà ìjọ fún ọdún méje mọ irú iṣẹ́ yìí dáadáa. Bí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì bá ń jò, àwa ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè. Ní ọjọ́ tí a bá wá kan òrùlé náà tán, alùfáà àgbà ni ìjọ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tí àga bá ṣófo ni ayé ń rántí igbákejì, àpẹẹrẹ èyí kò sì wọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1990, àwọn ọmọ ogun Iraq wọ Kuwait, Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó bàálù àti ọmọ ogun lọ sí Saudi Arabia. Ọ̀gágun Michael Dugan ni Ọ̀gá Àgbà nígbà náà, kò tí ì pé oṣù mẹ́ta lórí àga. Ó bá àwọn akọ̀ròyìn sọ̀rọ̀ nínú ìrìn àjò, ó sì sọ èyí tó pọ̀ jù nípa bí wọn yóò ṣe ja ogun náà láti òfurufú. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà jáde nínú ìwé ìròyìn, Dick Cheney, olórí ètò ààbò, yọ ọ́ kúrò nípò ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án. Ẹ fojú inú wò ó: ogun ń bọ̀, orí ilé-iṣẹ́ sì ti kúrò lọ́rùn rẹ̀. Igbákejì rẹ̀, John Loh, ni ó gba iṣẹ́ náà, tí ìmúrasílẹ̀ ogun kò sì dúró, títí Merrill McPeak fi gorí àga ní ìparí oṣù kẹwàá. Loh padà sí ìjókòó rẹ̀.

Ohun tí a sọ pé ó yàtọ̀ sí àkàsọ̀ Ìbàdàn nìyí. Lóòótọ́, Vandenberg, Twining, White àti LeMay, gbogbo wọn jókòó sórí àga kejì kí wọ́n tó bọ́ sí ti kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tó sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Ní ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ní kí Michael Moseley fi ipò sílẹ̀ nítorí àìbìkítà nípa ìtọ́jú àwọn ohun ìjà átọ́míìkì, igbákejì rẹ̀, Duncan McNabb, di ilé náà mú fún oṣù kan. Norton Schwartz ni wọ́n mú wá láti ẹ̀ka tó ń kó ẹrù ológun káàkiri ayé. McNabb ni wọ́n sì rán lọ rọ́pò Schwartz níbẹ̀. Ẹni tó bá gba ipò igbákejì nítorí àga tó wà níwájú rẹ̀ nìkan lè bá irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ pàdé pẹ̀lú ìkorò ọkàn. A kò gbọ́ pé McNabb kùn.

Ọdún 2023 fi nǹkan mìíràn hàn, ìyẹn ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ènìyàn kan bá ní láti kún àga méjì. Sẹ́nétọ̀ kan ń dí ìfọwọ́sí àwọn ọ̀gágun lọ́wọ́ nítorí àríyànjiyàn kan tó ní pẹ̀lú ìjọba. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, Charles Brown kúrò lórí àga Ọ̀gá Àgbà lọ sí ipò tó ga jù bẹ́ẹ̀. David Allvin, igbákejì rẹ̀, ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì pọ̀ títí di ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, nígbà tí wọ́n tó fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí Ọ̀gá Àgbà. Ní ẹ̀ka ológun tí wọ́n ń pè ní Marine, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Eric Smith, olórí wọn, ti ń ṣe iṣẹ́ ọ̀gá àti ti igbákejì pọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá, ọkàn rẹ̀ dáṣẹ́ dúró nígbà tó ń ṣe eré ìdárayá nítòsí ilé rẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí ló dóòlà ẹ̀mí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni àwọn aṣòfin fọwọ́ sí igbákejì fún un.

Bí bàbá ọjọ́sí bá ń ka ìwé yìí, a ó fẹ́ kí ó mọ orúkọ ẹnìkan sí i. Muir Fairchild ni igbákejì kejì tí ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ní. Olùkọ́ ni ọkàn rẹ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1946 fún àwọn ọ̀gágun òfurufú. Ní ọdún 1948 ó di igbákejì Vandenberg, nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà kò tí ì pé ọdún kan tó ti dá dúró. Kò dé orí àga kìn-ín-ní. Ó kú lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta ọdún 1950. Nítòsí ìlú Spokane, ní ìpínlẹ̀ Washington tí wọ́n ti bí i, ibùdó bàálù ológun ńlá kan wà tó ń jẹ́ Fairchild títí di òní.