Ta Ni Ó Ti Ilẹ̀kùn? Ọ̀rọ̀ Lórí Họ́kì, Iginla àti Ìyanṣẹ́lódì

Ẹ má bínú pé ẹ kò gbúròó mi. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu, dókítà sì ní kí n rọra máa kàwé. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá tí kò jẹ́ kí n sinmi.

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Calgary, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ló fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Wọ́n fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní iṣẹ́ àṣetiléwá pé kí ó kọ̀wé nípa ọdún tí wọn kò gbá họ́kì. Ọmọ náà pe ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó sì fi ìwọ̀nba Yorùbá tó gbọ́ ṣàlàyé fún un pé àwọn agbá-họ́kì "daṣẹ́ sílẹ̀" fún odidi ọdún kan. Màmá kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n ní, "Ọ̀lẹ ni wọ́n! Ẹni tó ń gba owó tó pọ̀ tó yẹn, kí ló ń daṣẹ́ sílẹ̀ fún?" Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ kọ́, lockout ni. Màmá ní kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ló bá di ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mi: "Prof, ẹ jọ̀ọ́ sà, kí là ń pe lockout ní Yorùbá?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín. Màmá kò ṣe àìda kankan. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbé fún wọn ni wọ́n fi dájọ́, ọ̀rọ̀ náà ló sì ṣì wọ́n lọ́nà.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà, orí yìnyín ni wọ́n ti ń gbá họ́kì tí à ń wí yìí. Irin mímú wà nísàlẹ̀ bàtà wọn, wọ́n mú igi gígùn tó tẹ̀ lẹ́nu dání, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni wọ́n sì ń lé kiri láti gbá a wọ inú àwọ̀n. NHL ni líìgì tó lórúkọ jù nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà àti ti Kánádà ló jọ wà níbẹ̀. Ife tí wọ́n ń dù ni Stanley Cup, èyí tí Lord Stanley, gómìnà àgbà Kánádà nígbà náà, fi ta wọ́n lọ́rẹ lọ́dún 1892. Bí bọ́ọ̀lù ṣe rí fún wa nílé, bẹ́ẹ̀ ni họ́kì rí fún àwọn ará Kánádà.

Ẹ lè ní kí ló kan Yorùbá nínú eré yìnyín. Ó kàn wá. Jarome Iginla ni kápútẹ́nì ẹgbẹ́ Calgary Flames láti ọdún 2003 di 2013. Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀ ti lọ sí Kánádà, Yorùbá sì ni èdè abínibí rẹ̀. Ẹ pín orúkọ náà sí méjì: igi ńlá. Adékúnlé tún wà nínú àwọn orúkọ rẹ̀ yòókù. Ní ọdún 2004, Adékúnlé yìí kó àwọn èèyàn rẹ̀ dé ibi tí wọn kò lérò. Ọdún méje gbáko ni Calgary fi wà láìdé ìpele ìkẹyìn ìdíje. Lọ́dún náà wọ́n dé àṣekágbá. Àwọn èrò wọ aṣọ pupa, wọ́n kún òpópónà kẹtàdínlógún bí ẹni pé ọdún ìbílẹ̀ ni. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà 2004, Tampa Bay lù wọ́n ní 2 sí 1 nínú eré keje, èyí tó kẹ́yìn pátápátá. Gbogbo ìlú ní kò burú, ó di ọdún tó ń bọ̀.

Ọdún tó ń bọ̀ kò dé. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án, ilẹ̀kùn tì.

Owó ni wọ́n ń jà lé lórí. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ní owó òṣìṣẹ́ ti fẹ́ pa àwọn. Ìwádìí tí àwọn fúnra wọn gbé fún ẹnìkan ṣe sọ pé nínú gbogbo dọ́là tó ń wọlé, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń lọ sọ́wọ́ agbá-họ́kì, àti pé wọ́n pàdánù dọ́là mílíọ̀nù 273 ní sáà 2002–03. Nítorí náà, wọ́n fẹ́ gbèdéke: iye kan tí ẹgbẹ́ kankan kò ní í lè ná kọjá lórí owó àwọn tó ń gbá a. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àwọn agbá-họ́kì ní àwọn kò gba ìṣirò yẹn gbọ́, àti pé gbèdéke kò ní í wáyé. Ní oṣù Kejìlá, àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ní kí wọ́n gé ìdá 24 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò nínú owó àwọn. Àwọn olówó ní ìyẹn nìkan kò tó, gbèdéke làwọn ń fẹ́.

Nígbà tó di oṣù Kejì 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ti gbà fún gbèdéke, iye rẹ̀ ló kù. Àwọn olówó ní dọ́là mílíọ̀nù 42.5 fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn òṣìṣẹ́ ní mílíọ̀nù 49. Ẹ ṣe ìṣirò ohun tó wà láàárín wọn. Lórí mílíọ̀nù mẹ́fà àtààbọ̀ yìí ni kọmíṣọ́nà Gary Bettman fi kéde ní ọjọ́ 16 oṣù Kejì pé sáà ti parí láìbẹ̀rẹ̀. Eré 1,230 ló bá a lọ. Láti ọdún 1919 tí àjàkálẹ̀ àrùn dá ìdíje dúró, wọn kò tíì rí i kí ọdún kan kọjá láìsí ẹni tó gba ife náà. Nígbà tí wọ́n wá fọwọ́ sí ìwé nínú oṣù Keje, gbèdéke ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ mílíọ̀nù 39, wọ́n sì tún gé ìdá 24 náà. Ó kéré sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń jà fún nínú oṣù Kejì.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Màmá. Nígbà tí a bá ní ẹnìkan "dá iṣẹ́ sílẹ̀", ta ni olùwà gbólóhùn náà? Òṣìṣẹ́ ni. Bí a bá ní ó "yan iṣẹ́ lódì", òṣìṣẹ́ náà ni. Bí ẹni méjì ṣe ń bára wọn yan odì tí ọ̀kan kì í kí èkejì mọ́, bẹ́ẹ̀ ló ṣe sí iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjèèjì tí a ní ti fi òṣìṣẹ́ síwájú. Kó tó di pé a béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, òun la ti ń wò lójú.

Àwọn agbá-họ́kì NHL ti yanṣẹ́ lódì rí lóòótọ́. Oṣù Kẹrin 1992 ni, ọjọ́ mẹ́wàá ló sì gbà. Ṣùgbọ́n ti 1994, ti 2004 àti ti 2012 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ ló ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n ní kò síṣẹ́, kò sì sówó, títí ẹ ó fi gbà. Olùwà ti yí padà: òṣìṣẹ́ ti di abọ̀. Ohun tí mo sọ fún ọmọ náà ni pé kí ó pè é ní ìtilẹ̀kùn-mọ́-òṣìṣẹ́. Ó gùn, mo mọ̀. Bó bá ń bá ìyá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó kàn ní, "Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ wọn." Màmá á béèrè pé, "Àwọn wo?" Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè nìyẹn.

Ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò ní ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn ni ọ̀daràn. Àwọn olówó ní àlàyé tiwọn. Dọ́là Kánádà ni ẹgbẹ́ bíi Calgary ń pa, dọ́là Amẹ́ríkà ni wọ́n sì fi ń sanwó òṣìṣẹ́. Àwọn ará Kánádà ti rí i tí ẹgbẹ́ ìlú Québec kó lọ sí Amẹ́ríkà lọ́dún 1995, tí ti Winnipeg sì tẹ̀ lé e lọ́dún 1996. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ họ́kì ló gbè sẹ́yìn àwọn olówó lọ́dún 2004. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹgbẹ́ tàwọn ló kàn. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ kò bá wa dájọ́. Ó kàn ń jẹ́ ká mọ ẹni tó yẹ ká bi léèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wo gbólóhùn náà: "Àwọn olówó ti ilẹ̀kùn mọ́ òṣìṣẹ́." Olùwà wà, abọ̀ wà. Òǹwòran dà? Kò síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń ra aṣọ fún ọmọ, nítorí pé òun ń wò ó ni tẹlifíṣọ̀n ṣe ń sanwó. Owó rẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń fà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kò sì ní àga lórí tábìlì náà. Bí erin méjì bá ń jà, koríko ni yóò fara gbá a. Inú tó ń bí òǹwòran kò ju ìyẹn lọ: kò mọ ibi tí yóò dúró sí láti fi sọ̀rọ̀.

Wọ́n gbìyànjú o. Àwọn kan tó ń gbá họ́kì fún ìgbádùn ara wọn ní Toronto gba kóòtù lọ. Wọ́n ní Lord Stanley kò fi ife náà jìn NHL, nítorí náà kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn bí NHL kò bá gbá. Nígbà tí wọ́n parí ẹjọ́ náà ní ìtùnbí-ìnùbí lọ́dún 2006, wọ́n fẹnu kò pé àwọn tó ń tọ́jú ife lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn tún tì lọ́dún 2012, àwọn òǹwòran kan dá ẹgbẹ́ "Just Drop It" sílẹ̀, wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí wọ́n bá tún ń fagi lé eré lẹ́yìn ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, àwọn náà yóò kẹ̀yìn sí eré nígbà tó bá padà. Bettman sì rèé, títí dòní, bó bá jáde láti gbé ife lé ẹni tó gbà á lọ́wọ́, ariwo "búù" ni wọ́n fi ń kí i.

Síbẹ̀, wọ́n padà. Ní sáà 2005–06, àwọn tó wọ gbọ̀ngàn lọ wòran lé ní mílíọ̀nù 20, iye tí NHL kò tíì rí rí. Mo gbà pé ibẹ̀ gan-an ni ìdí tí wọ́n fi lè tún ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọdún méje. Eré 48 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá ní sáà 2012–13, dípò 82.

N kò lè máa bú ará ìta kí n fi tilé sílẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì tí èmi náà wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ kò ní òǹkà. Ní ọ̀kan nínú wọn, mo bá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan pàdé níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé, kọnkéré ló rù. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Prof, ìgbà wo lẹ máa ṣí i?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: àwọn tó gbà wá síṣẹ́ da àdéhùn, owó oṣù wa ti di yẹpẹrẹ. Ó gbọ́ mi dópin. Ó ní, "Mo mọ̀ pé ẹ jàre, sà. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin tèmi ti di mẹ́fà." N kò rí èsì fún un. Ó gbé kọnkéré rẹ̀, ó lọ.

Ìyẹn kì í ṣe ìtilẹ̀kùn-mọ́-òṣìṣẹ́. Àwa la dá iṣẹ́ sílẹ̀, àwa ni olùwà. Ohun tó yẹ kí n sọ fún ọmọ yẹn, tí n kò sọ, ni pé: a daṣẹ́ sílẹ̀; a jàre; o sì pàdánù ọdún méjì nítorí wa. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀kẹta ló máa ń ṣòro fún ẹni tó jàre láti sọ.

Àwọn tó ni NHL náà kò rí i sọ. Wọ́n fín nǹkan sára Stanley Cup fún ọdún náà: ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì péńpé tó kàn ń sọ pé a kò gbá sáà 2004–05. Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n láyè láti sọ ọ́ láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, bí ẹni pé òjò ló rọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ óò ní láti wá olùwà fún un: "wọn kò gbá a". Àwọn wo? Mo ti kọ́ yín ní kíláàsì pé a lè fi "wọ́n" yìí fara pa mọ́ bákan náà, bíi ti "wọ́n ní, wọ́n pé". Ṣùgbọ́n ó ṣì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ béèrè.

Iginla jẹ́ ẹni ọdún 27 lọ́dún tí wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn, ìgbà tí agbára rẹ̀ pé jù. Nínú sáà kúkúrú ti 2013 ni Calgary fi í ránṣẹ́ sí Pittsburgh. Gólì 625 ló jẹ kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n kò gba ife náà. Ní oṣù Kẹta 2019, wọ́n gbé nọ́ńbà 12 rẹ̀ kọ́ sókè gbọ̀ngàn ní Calgary. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé Calgary ì bá gba ife ní 2005. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn ni àǹfààní láti mọ̀.

Àdéhùn tuntun tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2025 yóò gbé wọn dé oṣù Kẹsàn-án 2030. Títí di ìgbà náà, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó kúrú, tó sì dára ju ìtilẹ̀kùn-mọ́-òṣìṣẹ́ lọ, kó fi ránṣẹ́ sí mi. Ọmọ Calgary yẹn kò tíì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Tìrẹ ńkọ́, ìwọ tó ru kọnkéré lọ́jọ́ yẹn? Bí o bá ń ka èyí, má bínú sí mi.

Ó dìgbà kan ná.