Ẹ Kọ́kọ́ Yọ Abẹ̀bẹ̀ Rẹ̀: Dídán Bàálù Aláìlawakọ̀ Wò Nínú Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín lónìí kan àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi ọwọ́ ara wọn to ẹ̀rọ pọ̀ nínú yàrá. Ó sì kan àwọn òbí tí ń gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ náà láti pálọ̀, tí wọn kò mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni bàálù kékeré aláìlawakọ̀, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dúróònù. Orúkọ akọ oyin ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi pè é, ariwo tí ó ń pa sì jọ ti oyin lóòótọ́. Ṣùgbọ́n akọ oyin kì í ta ènìyàn. Ajórúkọ rẹ̀ yìí a máa géni.

Ẹ lè bi mí pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ. Ìdáhùn mi kò gùn. Ìwé ìlànà tí ó ń bá irú ẹ̀rọ wọ̀nyí wá láti òkè òkun kì í sọ Yorùbá. Ọmọ tí ó bá rí ìwé bẹ́ẹ̀ a sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a so bátìrì mọ́ ẹ̀rọ, a sì máa retí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Nítorí ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ náà ni mo ṣe jókòó síwájú yín.

Ẹni iwájú tí ó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2015, gbajúgbajà olórin nì, Enrique Iglesias, na ọwọ́ mú dúróònù kan lórí ìtàgé ní Tijuana, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gé e ní ìka, wọ́n sì ní láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ní ọdún kan náà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọlọ́dún kan ààbọ̀ pàdánù ojú kan nígbà tí abẹ̀bẹ̀ dúróònù bà á. Ẹni tí ń darí rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ọ̀rẹ́ ẹbí ọmọ náà ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ ní gbangba, kí ni kí a wá sọ nípa yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti tábìlì ti gba ìdajì rẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má ṣe gbàgbé òfin kìíní yìí: ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò kí ẹ tó so bátìrì mọ́ dúróònù nínú ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Fáànù òkè àjà wa, bí a bá tan án dé òpin, a máa yí tó nǹkan bí ìgbà 350 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀ńjìnnì kékeré kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ sábà máa ń lò fún dúróònù eré sísá. Ìgbà 2,300 ni ó ń yí ní ìṣẹ́jú kan lórí fóltì kọ̀ọ̀kan. Bí bátìrì bá jẹ́ ti fóltì 14.8, ìgbà 34,000 ni èyí nígbà tí kò bá gbé ohunkóhun lérí. Abẹ̀bẹ̀ a máa dín eré náà kù, ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣẹ́kù tó láti gé ìka.

Àwọn kan yóò ní, "Bí n kò bá ti fọwọ́ kan rìmóòtù, ṣé yóò dá yí ni?" Ó lè dá eré kún eré. Ọpọlọ kékeré kan wà nínú dúróònù tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mú ara rẹ̀ dúró déédéé. Bí ara bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, a pàṣẹ fún ẹ̀ńjìnnì ẹ̀gbẹ́ náà pé kí ó yí sí i. Bí a bá ti jí ẹ̀ńjìnnì lórí tábìlì, tí ara kò sì lè dáhùn, ọpọlọ náà a ka àṣẹ rẹ̀ sí èyí tí kò tó, a tún fi kún un, títí ẹ̀ńjìnnì yóò fi máa ké kíkankíkan. Bí abẹ̀bẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, ariwo lásán ni. Bí ó bá wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yẹ wáyà wò. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni ẹ fi òjé jó o pọ̀, ẹ wò ó bóyá òjé kán sí àárín wáyà pupa àti dúdú. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọgbọ́n kan tí kò wọ́n: wọn a fi gílóòbù ẹ̀yìn ọkọ̀, oní-fóltì 12, sí ojú ọ̀nà wáyà pupa láàárín bátìrì àti dúróònù. Bí gílóòbù bá ṣẹ́jú tí ó sì kú, ara ẹ̀rọ dá. Bí ó bá ń tàn yòò láìkú, wáyà méjì ti fara kanra. Ẹ yára fa bátìrì yọ. Gílóòbù náà ni ó gba ìyà tí ì bá jẹ ẹ̀rọ yín. Bí ẹ̀rọ bá yege, ẹ yọ gílóòbù kúrò.

Rìmóòtù ni a kọ́kọ́ ń tàn, kí ọ̀pá tí ó ń fún ẹ̀rọ ní agbára wà nísàlẹ̀ pátápátá. Lẹ́yìn náà ni a óò so bátìrì. Nígbà tí a bá fẹ́ pa á, bátìrì dúróònù ni a kọ́kọ́ ń yọ, kí a tó pa rìmóòtù. A kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ tí ó wà láàyè sílẹ̀ láìní olùdarí.

Ìdánwò mẹ́ta ni ó wà fún dúróònù tí ẹ tò fúnra yín. Èkíní, ẹ yí ẹ̀ńjìnnì lọ́kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀. Méjì gbọ́dọ̀ yí sí ọ̀tún, méjì sí òsì. Àwọn tí ó kọjú síra ní ìdábùú ni ó ń yí síbì kan náà. Ẹ fi etí bébà kàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí ibi tí ó ń gbá a sí. Bí ọ̀kan bá ṣì yí, ẹ pààrọ̀ ipò méjì nínú wáyà mẹ́ta tí ó wọ inú rẹ̀. Èkejì, nígbà tí gbogbo wọn bá ń yí, ẹ pa rìmóòtù; ibí yìí nìkan ni a ti lè ru òfin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ẹ̀ńjìnnì gbọ́dọ̀ dákẹ́ fúnra wọn. Èyí tí kò bá dákẹ́ kò yẹ ní ẹni tí ń jáde nílé. Ẹ̀kẹta, ẹ yọ bátìrì, kí ẹ fọwọ́ kan ẹ̀ńjìnnì. Èyí tí ó bá gbóná ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àìsàn ń ṣe é.

Bátìrì ni ewu kejì. Ìyẹ̀wù kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti fóltì 3.7; bí ó bá kún, ó di 4.2. Kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì gbọdọ̀ wálẹ̀ ju fóltì 3 lọ. Èyí tí ó bá ti wú, ẹ má ṣe lò ó mọ́. Orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ ti máa fi iná sí i, kí ó jìnnà sí kọ́tìnì àti bẹ́ẹ̀dì, kí garawa yanrìn sì wà nítòsí. Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ òru ni iná mànàmáná ń dé, tí ọ̀dọ́ yóò sì fẹ́ fi bátìrì sórí ṣájà kí ó lọ sùn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tán: a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Bí gbogbo èyí bá yege, ìta gbangba ni ó kù. Ẹ má ṣe dá abẹ̀bẹ̀ padà sí i nínú pálọ̀ nítorí pé ara ń yá yín. Àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì, tí ó fi ń mọ ibi tí ó wà, kì í wọlé dáadáa, irin inú ògiri a sì máa ṣi kọ́ńpáàsì rẹ̀ lọ́nà. Ní Nàìjíríà, ẹni tí yóò fò ó níta gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ NCAA, àjọ tí ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú, àti lọ́wọ́ ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Títú abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀, ìka kò sì ní ọjà tí a ti ń rà á. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ nínú yàrá, ẹ má ṣe fi ìbínú wọlé. Ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ọmọ mi, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ dà?" Bí ó bá nawọ́ sí etí fèrèsé níbi tí ó tò wọ́n sí, ẹ fa àga, kí ẹ jókòó bá a wò ó. Ó dìgbà kan ná.