Etí Tí Ń Ran Ojú Lọ́wọ́: Igbe Ẹyẹ Ní Oríta Ilẹ̀ Jàpáánì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, tí ojú sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì, kí ni àgbàlagbà yóò fi ṣọ́ orí ara rẹ̀ lójú títì? Ní orílẹ̀-èdè Jàpáánì, níbi tí àwọn tí ó ti pé ẹni ọdún 65 ti ju ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ará ìlú lọ, etí ni wọ́n fi ń ran ojú lọ́wọ́.

Ní ọ̀pọ̀ oríta ibẹ̀, bí iná tí ń darí ọkọ̀ bá ti fún ẹlẹ́sẹ̀ láyè láti kọjá, ẹ̀rọ kan a bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ẹyẹ. Ọ̀kan a ké “piyo-piyo” bí ọmọ adìyẹ. Èkejì a ké “kakkō” bí ẹyẹ igbó. Igbe kan wà fún títì kan, èkejì wà fún títì tí ó dábùú rẹ̀, kí ẹni tí kò ríran dáadáa má baà ṣì í mú. Ní àwọn oríta mìíràn, ẹ̀rọ tí ó wà ní etí títì kan a ké, èyí tí ó wà ní òdìkejì a sì dá a lóhùn. Bí ẹlẹ́sẹ̀ bá ti kọjú sí ohùn tí ń bẹ níwájú, kò ní yà bàrá bọ́ sáàrin ọkọ̀.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohùn tí ó bá ti apá ọ̀tún wá a kọ́kọ́ kan etí ọ̀tún kí ó tó dé ti òsì, a sì dún sókè díẹ̀ níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ni ọpọlọ fi ń mọ ibi tí ohùn ti ń bọ̀.

Àmọ́ ohun tí ń gba ẹnìkan là a máa ni ẹlòmíràn lára. Àwọn tí ilé wọn wà lẹ́bàá oríta ń ráhùn pé igbe náà kò jẹ́ kí àwọn sùn. Nítorí náà, wọ́n a máa pa ohùn ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ náà lálẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkọ̀ pa ọkùnrin ẹni ọdún 64 kan tí ó ní àìríran ní oríta kan ní Tokyo. Ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ohùn rẹ̀ títí di òwúrọ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan tí wọ́n ti ń lò ní àwọn oríta kan ni ẹ̀rọ tí ń fi Bluetooth ránṣẹ́ sí fóònù alágbèéká. Fóònù a wá sọ àwọ̀ tí iná wà fún ẹni tí ó mú un lọ́wọ́, láìdí aládùúgbò lójú oorun. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà ni ó mọ fóònù bẹ́ẹ̀ lò. Etí pẹ̀lú sì ń darúgbó: ohùn tín-ín-rín tí ó ga ni ó kọ́kọ́ ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ènìyàn bá sì fi nǹkan dí etí méjèèjì láti gbọ́ fóònù, kò ní gbọ́ ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá mú òbí rẹ̀ láti ilé wá sí Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Kàdúná ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ níbẹ̀. Ìró àdúgbò tí ó ti mọ́ ìyá lára nílé kò sí níbí. Ó yẹ kí ọmọ bá a rìn lọ sí ọjà lọ́sàn-án, kí ó fi àwọn àmì tí etí lè mú hàn án: ẹ̀rọ ìlọta tí ń kùn, ìpè àdúrà ní mọ́sálásí, ariwo gáréèjì. Ṣùgbọ́n bí ó bá kan títì ńlá, kí ọmọ di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú.