Ohun Tí Ogun Ń Fojú Aboyún àti Abiyamọ Rí

Ní oṣù Keje ọdún 2025, àwọn oníṣègùn MSF, àjọ Àwọn Dókítà Aláìláàlà, ní ìpínlẹ̀ Katsina ṣe ohun kan tó yẹ kó ti di àṣà tipẹ́: wọ́n yẹ àwọn ìyá wò. Ọmọ tí ebi ti sọ di egungun lásán ni àwọn obìnrin yìí gbé wá fún ìtọ́jú, wọn ò wá nítorí ara wọn. Síbẹ̀, nínú 750 tí wọ́n yẹ̀ wò, ó lé ní ìdajì tí àìjẹunrekánú ń bá jà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, 13 ni àìjẹunrekánú náà ti wọ̀ lára gan-an.

Ní Katsina, àwọn agbébọn ti lé àgbẹ̀ kúrò lóko, ẹni tó bá sì fẹ́ kórè ní láti sanwó fún wọn kó tó lè wọ ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ní Borno, rògbòdìyàn Boko Haram ti wà nílẹ̀ láti 2009. Ìṣirò tí ìjọba àtàwọn àjọ àgbáyé jọ ṣe fi hàn pé láàárín oṣù Karùn-ún 2024 sí oṣù Kẹrin 2025, aboyún àti abiyamọ tí ebi ń jẹ lára run ní àríwá ìlà-oòrùn àti àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800,000. Àwa tí à ń gbé Mówè, Ìbafò àti Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn kò jìnnà sí ọ̀rọ̀ náà. Tírélà tó ń kó àlùbọ́sà, tòmátì àti ẹ̀wà bọ̀ láti Òkè Ọya, iwájú ilé àwọn ará Mówè àti Ìbafò ló ń gbà kọjá lójú títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí àgbẹ̀ ibẹ̀ ò bá lè dé oko, ẹni tó fẹ́ ra kóńgò ẹ̀wà kan lọ́jà Ifọ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára.

Kí ni ebi ń ṣe gan-an nínú ara abiyamọ? Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò nǹkan bí 500 kálórì lójúmọ́ lé orí èyí tó ń jẹ tẹ́lẹ̀. Bí oúnjẹ ò bá sí, ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé omi ọmú ló máa kọ́kọ́ gbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara ìyá kì í tètè jẹ́ kí ọmú gbẹ. Ọ̀rá àti iṣan ara rẹ̀ ló máa ń yọ́ láti fi ṣe é. Kálíṣíọ́mù tó bá dín nínú oúnjẹ, inú egungun ìyá ni ara ti ń lọ bù ú. Ṣùgbọ́n àwọn ohun aṣaralóore kan wà tí ara ò lè bù síta pẹ́: fítámì A, fítámì B1 àti B12, àti áyódìn. Bí ìyá ò bá rí wọn jẹ, wọ́n á dín nínú omi ọmú pẹ̀lú. Ọmọ lè mu ọmú yó, kó sì máa pàdánù láìsí ẹni tó mọ̀.

Ìbẹ̀rù ń kó ti ẹ̀ wá. Obìnrin tó ń sá fún ìbọn lè rí i pé ọmú ò sọ̀kalẹ̀ mọ́, kó sì gbà pé ó ti tán. Ìpayà lè dá sísọ̀kalẹ̀ omi ọmú dúró fúngbà díẹ̀, kì í dá ṣíṣe rẹ̀ dúró. Bí ọmọ bá ń fà á lemọ́lemọ́, tí ìyá sì rí ibi jókòó sí láìfòyà, yóò padà dé. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀rù àwọn tó ń fi àánú kó mílíìkì agolo lọ bá ogúnléndé. Níbi tí omi mímọ́ ò sí, ìgbẹ́ gbuuru wà nínú ike ìfọ́mọlóúnjẹ náà.

Ní ti ìkúnlẹ̀, aboyún tí ebi kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó lára rẹ̀ kò ní ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ ṣòfò. Ìwọ̀nba tí ẹlòmíràn lè dà kó sì dìde lè pa á. Bó bá tilẹ̀ yè é, ọmọ tí kò tó kílò méjì ààbọ̀ lè jẹ́ ìpín rẹ̀.

Ibi tó yẹ ká dúró sí pẹ́ ni ti Biafra. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, láàárín 1967 sí 1970, ìyàn pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ èèyàn níbẹ̀, àwọn ọmọdé ló sì pọ̀ jù. Ní ọdún 2010, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn PLoS ONE. Wọ́n ti yẹ 1,339 èèyàn wò ní Enugu, àwọn tó ti ń sún mọ́ ogójì ọdún tàbí tó ti kọjá a díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà tó pọ̀ lẹ́jẹ̀ àti ìsanrajù wọ́pọ̀ lára àwọn tó wà nínú oyún tàbí tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọwọ́ nígbà ìyàn náà ju ti àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ogun lọ. Ohun tó jọ ọ́ ni wọ́n rí lára àwọn tí wọ́n lóyún wọn nígbà ìyàn ogun ní ilẹ̀ Netherlands, ní 1944 sí 1945. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń ṣe ni pé ọmọ inú tí kò rí jẹ máa ń kọ́ ara rẹ̀ láti ṣọ́ ìwọ̀nba tó bá ṣubú sí i lọ́wọ́. Bí oúnjẹ bá wá pọ̀ lẹ́yìn náà, ara ò mọ bó ṣe máa ná an.

Àwọn ọmọ ìgbà náà ti kọjá 55 báyìí. Ìlú àlejò ni Mówè àti Ìbafò, gbogbo ẹ̀yà ló ń kọ́lé síbẹ̀. Kò ní ṣàìsí díẹ̀ nínú wọn láàárín wa. Bí wọ́n bá lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti àròjù la máa ń bi wọ́n. Ta ló ń bi wọ́n pé kí ni ìyá wọn rí jẹ ní 1968?

Nínú ìrànwọ́, ọmọ ló ń gba iwájú. Bí àyíká apá ọmọdé kò bá tó 11.5 sẹ̀ǹtímítà, àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀ pé ikú ń fi ojú sí i. Ti àgbàlagbà obìnrin, láàárín 21 sí 23 ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń fa ààlà. Ṣùgbọ́n owó ń tán. Ní oṣù Keje 2025 yẹn kan náà, WFP, àjọ oúnjẹ ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, kéde pé ó lé ní 150 ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń ràn lọ́wọ́ ní Borno àti Yobe tí yóò tì. Èmi ò rí bí a ṣe lè wo ọmọ sàn, ká sì dá ìyá padà sídìí ìkòkò òfìfo. Abiyamọ kì í gbọ́ ẹkún ọmọ rẹ̀ kó má tatí were: ìwọ̀nba tó bá rí, ọmọ ni yóò gbé e fún, títí òun náà ò fi ní lè dìde.

Ogun ò sí ní Ifọ̀, ṣùgbọ́n ìwádìí ìlera tí ìjọba ṣe ní 2018 rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò tó lára 58 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà tó wà láàárín 15 sí 49. Òògùn ẹ̀jẹ̀ àti folic acid yẹ kó wà fún aboyún ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé. Kí ẹ béèrè fún un níbi tí ẹ bá ti ń gba káàdì, kí ẹ má sì dúró dìgbà tí ikùn bá yọ.