Ẹ̀gbẹ́ ni àìsàn olè ti máa ń bá ojú jà

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé gbogbo ibi tí ojú ká ni àwọn ń rí kedere. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àárín nìkan ni ojú ti mú ṣáṣá. Ẹ tẹjú mọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé ìròyìn yìí láì yí ẹyinjú. Ẹ kò ní lè ka ọ̀rọ̀ karùn-ún sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ojú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Òun ló ń rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ látẹ̀gbẹ́, òun ló sì mọ òkùnkùn wò. Ìràwọ̀ tó bá ṣe bàìbàì lóru, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, yóò hàn jù bí ẹ bá wò ó tààrà.

Ibi tí ewu wà nìyí. Àìsàn tí wọ́n ń pè ní glaucoma, ẹ̀gbẹ́ ló sábà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í sábà dunni. Ẹni tó ń ṣe yóò ṣì máa ka Bíbélì tàbí Kùránì, kò ní fura. Ìwádìí tí wọ́n ṣe jákèjádò Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007 fi hàn pé nínú 100 ẹni ọdún 40 sókè tí ojú wọn ti fọ́, bíi 17 ni glaucoma fọ́ lójú.

Ìríran tó bá ti lọ kì í padà, àmọ́ oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ lè dáàbò bo ìyókù. Ẹni tó bá ti tó ogójì ọdún, pàápàá tí òbí tàbí ọmọ ìyá rẹ̀ bá ní in, kó lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.