Odò Tí Ó Di Ààlà ní Kàdúná

Ní ìlú Kàdúná ní Òkè Ọya, odò kan ń ṣàn gba àárín ìlú kọjá, orúkọ kan náà ni òun àti ìlú sì ń jẹ́. Ní àtijọ́, ènìyàn a kàn gba orí afárá kọjá lọ sí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n lẹ́hìn ìjà ọdún 2000, odò náà di ààlà: púpọ̀ nínú àwọn Mùsùlùmí kó lọ sí ìhà àríwá rẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn Onígbàgbọ́ sì kó lọ sí ìhà gúúsù.

Ọ̀ràn náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1992, ní Zangon Kataf, ọ̀rọ̀ ṣíṣí ọjà nípò ni ó dá ìjà sílẹ̀. Ǹjẹ́ a ha lè rò pé ibi tí a ó ti máa tajà yóò di ọ̀ràn ẹ̀sìn? Ṣùgbọ́n nítorípé Mùsùlùmí ni àwọn Hausa ibẹ̀, tí púpọ̀ nínú àwọn Kataf sì jẹ́ Onígbàgbọ́, kò pẹ́ tí a fi gbàgbé ọjà, iná náà sì ràn dé Kàdúná.

Ní ọdún náà ni Pásítọ̀ James Wuye pàdánù ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Lèmọ́mù Muhammad Ashafa, ní tirẹ̀, pàdánù olùkọ́ rẹ̀ àti ìbátan rẹ̀ méjì. Olórí ọ̀dọ́ tí ń jà ni àwọn méjèèjì, ẹ̀san ni olúkúlùkù sì ń wá. Ní ọdún 1995, akọ̀ròyìn kan fi ọwọ́ ọ̀kan lé ti èkejì, ó bẹ̀ wọ́n kí wọn jùmọ̀ sọ̀rọ̀. Ọkàn wọn kò yí padà ní ọjọ́ kan. Pásítọ̀ jẹ́wọ́ ní gbangba pé nígbàtí àwọn jùmọ̀ sùn nínú yàrá kan, ó wá sí òun lọ́kàn láti fi ìrọ̀rí pa ẹnìkejì òun. Ṣùgbọ́n nígbàtí ìyá Pásítọ̀ ń ṣàìsàn, Lèmọ́mù lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnití ó ti bẹ ìyá ẹni wò lórí àkéte àìsàn, ó ṣòro láti tún máa pè é ní ọ̀tá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti jùmọ̀ ń ṣe iṣẹ́ ìlàjà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2002, àwọn olórí ẹ̀sìn fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní Kàdúná. Ní oṣù kọkànlá, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀, ó sì ju 200 ènìyàn lọ tí ó kú. Asán ha ni ìwé náà bí? Rárá o. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè bá ni bẹ aláìsàn wò. Ọmọ tí kò bá ẹlẹ́sìn míràn gbé àdúgbò rí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé ènìyàn bíi tirẹ̀ ni onítọ̀hún?

Ẹ̀yin òbí, ní ilẹ̀ Yorùbá ẹ̀gbọ́n a máa lọ sí mọ́ṣáláṣí, àbúrò a máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, inú ìkòkò kan náà ni a sì ń bu ọbẹ̀ fún wọn. Ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo ìkòkò náà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọdé ń sọ lóde, nílé ni ó ti gbọ́ ọ. Nítorínáà kí a ṣọ́ ẹnu wa nídìí oúnjẹ. Bí Iléyá bá dé, kí ọmọ Mùsùlùmí gbé ẹran lọ sí ilé Onígbàgbọ́. Bí Kérésìmesì bá dé, kí àwo náà má ṣe padà lófìfo. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí odò ilẹ̀ wa di ààlà. Àmín.